Orí Keje: Ìdámọ̀ Àwọn Lìmfómà Awọ Ara Tó Ṣọ̀wọ́n Tó sì Ń Yára Gbilẹ̀

Ìtumọ̀ àti ipò wọn láàárín àwọn lìmfómà tó kù

Lìmfómà ni orúkọ tí à ń pe jẹjẹrẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ara lìmfósáìtì, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá àrùn mọ̀ kí wọ́n sì bá a jà. Oríṣi lìmfósáìtì mẹ́ta ló kan ẹ̀kọ́ orí yìí: sẹ́ẹ̀lì T, tó ń kọlu sẹ́ẹ̀lì tí àrùn ti wọ̀ tàbí tó ń darí àwọn tó kù, sẹ́ẹ̀lì B, tó ń pèsè àwọn èròjà agbógun-ti-àrùn sínú ẹ̀jẹ̀, àti sẹ́ẹ̀lì NK, tó lè pa sẹ́ẹ̀lì tó bá ti yí padà láìdúró de ìtọ́ni kankan. Sẹ́ẹ̀lì T pọ̀ púpọ̀ nínú awọ, nítorí pé awọ ni kòkòrò àrùn kọ́kọ́ ń fara kàn, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ lìmfómà awọ fi jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì náà. Bí jẹjẹrẹ yìí bá fara hàn lára awọ nígbà tí àyẹ̀wò kò tíì rí i níbòmíràn nínú ara, lìmfómà tó ti inú awọ bẹ̀rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé inú kókó ọrùn tàbí inú mùdùnmúdùn egungun ló ti ṣẹ̀ kó tó tàn dé awọ, àrùn mìíràn ni, ìtọ́jú mìíràn ló sì ń béèrè.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lìmfómà tó ń ti inú awọ bẹ̀rẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì T. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ ni mycosis fungoides, tí Jean-Louis Alibert, dókítà ilé ìwòsàn Saint-Louis ní ìlú Paris, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní ọdún 1806. Àrùn náà máa ń rìn díẹ̀díẹ̀, débi pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ń gbé e kiri fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ohun mìíràn tó pa wọ́n. Àwọn tí orí yìí dá lé yàtọ̀ sí i pátápátá, nítorí pé láàárín oṣù díẹ̀ ni wọ́n ń ti ipò kókó kékeré dé ipò egbò ńlá, tí wọ́n sì ń wọ inú ara lọ. Méjì tó le jù nínú wọn, ìyẹn lìmfómà sẹ́ẹ̀lì T oní-CD8 tó ń gbógun ti awọ òkè àti lìmfómà sẹ́ẹ̀lì T oní-gáńmà-délítà, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lìmfómà sẹ́ẹ̀lì T inú awọ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nítorí bí wọ́n ṣe ṣọ̀wọ́n tó, dókítà kan lè ṣiṣẹ́ títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì kó má rí ju ẹyọ kan lọ, ẹyọ kan náà ni kò sì gbọ́dọ̀ ṣi orúkọ rẹ̀ pè.

Ní ọdún 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ àwọn olùwádìí jẹjẹrẹ ilẹ̀ Yúróòpù, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EORTC, fi ohùn ṣọ̀kan lórí ètò ìpínsísọ̀rí kan ṣoṣo fún gbogbo lìmfómà awọ, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2018. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ètò náà ni pé kò gbé orúkọ àrùn kalẹ̀ lórí ìrísí sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ awò nìkan. Ó béèrè pé kí ìtàn aláìsàn, ìrísí ara rẹ̀, ohun tí ẹran tí wọ́n gé fi hàn, àmì orí sẹ́ẹ̀lì àti àyẹ̀wò jíìnì jọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Èyí ni òpó tí gbogbo ìdámọ̀ dúró lé, orí yìí yóò sì máa padà síbẹ̀.

Ohun tó mú kí ìdámọ̀ ṣòro

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé àwọn àrùn yìí máa ń fara jọ ohun tí ó wọ́pọ̀. Àbàwọ́n tó ń yún ara lè dà bí ẹ̀kísímà tàbí làpálàpá. Kókó abẹ́ awọ lè dà bí oówo. Egbò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jẹrà lè dà bí egbò àdáàjinná tí àtọ̀gbẹ máa ń fà. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àtòkọ ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ rò tún gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀tẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ inú awọ, jẹjẹrẹ Kaposi àti egbò Buruli wà níbẹ̀. Egbò Buruli, tí bakitéríà tó ń jẹ́ Mycobacterium ulcerans ń fà, kò jìnnà rárá sí àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá: ní Pobè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ilé ìtọ́jú kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìdámọ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kókó tí kì í dunni lábẹ́ awọ, tí yóò wá ya di egbò tí abẹ́ etí rẹ̀ ti ṣófo, bí lìmfómà oní-gáńmà-délítà náà ṣe lè rí nìyí. Nítorí náà, bí egbò kan bá gba gbogbo oògùn Buruli tó yẹ tí kò sì yí padà, tàbí tí àyẹ̀wò PCR kò rí bakitéríà náà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lìmfómà gbọ́dọ̀ wọlé.

Àwọ̀ ara tún dá kún un. Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn ló ṣàpèjúwe àwọn àrùn yìí gẹ́gẹ́ bí àbàwọ́n pupa, ṣùgbọ́n lára ẹni dúdú, ohun tí ìwé pè ní pupa lè jẹ́ dúdú tó jinlẹ̀, àwọ̀ eérú, tàbí àwọ̀ tó fẹ́ jọ ti èsè àlùkò; ìgbà mìíràn sì wà tí ojú ibẹ̀ á ṣì funfun ju ara yòókù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá pupa nìkan yóò wo àrùn náà ní ojúkojú kó má mọ̀ ọ́n. Ó bani nínú jẹ́ pé ní Amẹ́ríkà, níbi tí àkọsílẹ̀ ti pé, àwọn aláwọ̀ dúdú ni lìmfómà sẹ́ẹ̀lì T inú awọ ń mú jù, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ lára wọn sì burú ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Ìṣòro kẹta wà ní ọwọ́ ènìyàn. Ìpara tí wọ́n po sítẹ́rọ́ọ̀dù mọ́ pọ̀ lọ́jà, aláìsàn sì lè ti fi í pa ara fún oṣù púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Sítẹ́rọ́ọ̀dù máa ń lé lìmfósáìtì kúrò lójú ibi tí wọ́n fi pa, débi pé ẹran tí wọ́n bá gé níbẹ̀ kò ní fi ohun gidi hàn. Bákan náà ni àwọn oògùn tó ń tẹ agbára ìdáàbòbò ara rì, irú bíi cyclosporine, àti dupilumab tí wọ́n ń lò fún ẹ̀kísímà líle, ti mú kí lìmfómà tó fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ ẹ̀kísímà yára tú jáde lára àwọn aláìsàn kan. Bí ẹ̀kísímà bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ti dàgbà, tí kò gbóògùn, tó sì ń burú sí i, kí wọ́n gé ẹran wò kí wọ́n tó fún aláìsàn ní irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Ìtàn aláìsàn àti wíwo gbogbo ara

Ìbéèrè mẹ́ta ni kò gbọ́dọ̀ sọnù nínú ìtàn. Èkíní ni ìyára: ọjọ́ wo ni kókó àkọ́kọ́ jáde, báwo ni àwọn tó tẹ̀lé e sì ṣe ń yọ? Èkejì ni bóyá èyíkéyìí nínú wọn ti fúnra rẹ̀ jinná rí, nítorí pé ìdáhùn sí ìbéèrè yìí nìkan lè yí orúkọ àrùn padà, bí a ó ti rí i níwájú. Ẹ̀kẹta ni ipò ara lápapọ̀: ibà tí kò lọ, rírù, òógùn òru, àárẹ̀ tó kọjá ohun tí ojú rí. Ní ilẹ̀ tí ibà ti sábà máa ń túmọ̀ sí ibà ẹ̀fọn, aláìsàn lè ti lo oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin kí ẹnikẹ́ni tó bi í nípa kókó tó wà ní itan rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wíwo ara, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, pẹ̀lú ẹnu àti ojú ara, nítorí pé lìmfómà oní-CD8 lè yọ sínú ẹnu. Dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ wá kókó ọrùn, ti abíyá àti ti abẹ́ itan, kó sì tẹ ikùn láti mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ tàbí ọlọ inú ti wú. Kí ó ya àwòrán, kí òṣùwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó náà nínú àwòrán, nítorí pé àwòrán ọ̀sẹ̀ méjì sí ara wọn ń sọ nípa ìyára àrùn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Gígé ẹran ara wò

Kò sí orúkọ tó lè dúró láìgé ẹran wò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí àṣìṣe ti ń pọ̀ tó ibi gígé yìí. Awọ ní ìpele mẹ́ta: awọ òkè tó fẹ́lẹ́, awọ àárín tó nípọn, àti ọ̀rá abẹ́ awọ. Bí dókítà bá fi abẹ ha òkè awọ fẹ́ẹ́rẹ́, awọ òkè àti díẹ̀ lára awọ àárín ni yóò rí, nígbà tó jẹ́ pé inú ọ̀rá gan-an ni lìmfómà oní-gáńmà-délítà sábà máa ń tẹ̀dó sí. Irinṣẹ́ róbótó tó ń gé awọ, tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ tó mìlímítà 4 ó kéré tán, tí mìlímítà 6 sì dára jù, lè tó fún àbàwọ́n tí kò jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n fún kókó tàbí ohun líle tí ọwọ́ bá lábẹ́ awọ, abẹ ni kí wọ́n fi gé e jinlẹ̀ títí tí ọ̀rá yóò fi wà nínú ohun tí wọ́n gé. Bí egbò bá wà, etí rẹ̀ ni kí wọ́n ti gé, kì í ṣe àárín rẹ̀ tó ti kú, nítorí pé ẹran tó ti kú kò lè jẹ́rìí. Kí wọ́n gé ju ibi kan lọ, kí ọ̀kan jẹ́ ti kókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kí òmíràn jẹ́ ti èyí tó ti pẹ́. Aláìsàn yóò ti dáwọ́ ìpara sítẹ́rọ́ọ̀dù dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ṣáájú, bí ipò rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Apá tó tóbi jù nínú ẹran náà yóò lọ sínú fọ́máàlìn, èyí tí kì í jẹ́ kó jẹrà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ sínú omi oníyọ̀ fún àyẹ̀wò bakitéríà ikọ́ ẹ̀gbẹ àti olú, nítorí pé fọ́máàlìn ń pa kòkòrò tí ilé àyẹ̀wò ì bá hù jáde. Fọ́ọ̀mù tó bá ẹran lọ ṣe pàtàkì tó ẹran fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ “kókó ẹsẹ̀” nìkan sí i, ojú patọ́lọ́jíìsì, ìyẹn dókítà tó ń ka ẹran ara lábẹ́ awò, ti fọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ orí, ìgbà tí àrùn bẹ̀rẹ̀, ìyára rẹ̀, oògùn tí aláìsàn ti lò, bóyá kókó ti jinná fúnra rẹ̀ rí, àti àwòrán: gbogbo wọn ló yẹ kó bá ẹran náà rìn.

Ohun tí awò àti àmì orí sẹ́ẹ̀lì ń fi hàn

Ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n á ki ẹran náà mọ́ inú ìda gbígbóná títí tí yóò fi di búlọ́ọ̀kù kékeré, wọ́n á gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sì rẹ ẹ́ láró méjì, hematoxylin tó ń sọ àárín sẹ́ẹ̀lì di àwọ̀ búlúù, àti eosin tó ń sọ èyí tó kù di àwọ̀ òsùn. Ohun tí patọ́lọ́jíìsì kọ́kọ́ ń béèrè ni ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì burúkú náà wà: ṣé wọ́n ti ya wọ awọ òkè, ṣé wọ́n rọ̀gbà yí ẹyọ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ká, ṣé wọ́n ń jẹ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé, tí ẹran agbègbè rẹ̀ sì ti ń kú nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀? Ẹran kíkú àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ máa ń pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà líle.

Aró méjì yìí kò lè sọ irú lìmfósáìtì tó wà níwájú ẹni. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ní pùròtéènì lójú rẹ̀, tí wọ́n ń fi lẹ́tà CD àti nọ́ńbà pè, àwọn pùròtéènì náà sì ń fi ìran sẹ́ẹ̀lì hàn gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ṣe ń fi ìdílé ènìyàn hàn láyé àtijọ́. CD3 ń fi sẹ́ẹ̀lì T hàn, CD20 ń fi sẹ́ẹ̀lì B hàn. CD4 àti CD8 ń pín sẹ́ẹ̀lì T sí ọ̀nà méjì. CD56 wọ́pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì NK. CD30 máa ń yọ lára àwọn àrùn kan tí púpọ̀ nínú wọn kò le. TIA-1, granzyme B àti perforin jẹ́ ohun ìjà tí sẹ́ẹ̀lì apani ń gbé kiri, ibi tí wọ́n bá sì ti pọ̀ ni ẹran ti sábà máa ń kú. Aró mìíràn, Ki-67, ń fi iye sẹ́ẹ̀lì tó ń pín lọ́wọ́ hàn. Bí sẹ́ẹ̀lì T bá pàdánù àwọn àmì tó yẹ kó ní, bíi CD2, CD5 tàbí CD7, ó jẹ́ ẹ̀rí pé nǹkan ti yí padà nínú rẹ̀.

Àyẹ̀wò jíìnì àti ìwọ̀n tí ó yẹ kó ní

Sẹ́ẹ̀lì T kọ̀ọ̀kan ní ohun ìdámọ̀ kan lójú rẹ̀, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TCR, èyí tó lè jẹ́ oní-álífà-bétà tàbí oní-gáńmà-délítà, jíìnì tó ń kọ́ ọ sì yàtọ̀ láti sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì. Bí sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú àbàwọ́n bá jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn tó wá bá àrùn jà, onírúurú jíìnì ni yóò jáde. Bó bá jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn, jíìnì kan náà ni yóò máa yọ lára wọn, wọ́n á sì sọ pé ìran kan ṣoṣo ni. Bí ìran kan náà bá hàn ní ibi méjì tó jìnnà síra lára awọ, ẹ̀rí náà túbọ̀ lágbára.

Àṣìlò àyẹ̀wò yìí pọ̀. Ìran kan ṣoṣo lè hàn nínú àwọn àrùn awọ tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì ní hàn nínú jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì NK, tí kì í tún jíìnì TCR rẹ̀ tò rárá. Ohun mìíràn tó ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ni pé jíìnì TCR gáńmà ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ń wò. Bí èsì bá jáde pé ó wà ní ìran kan ṣoṣo, kò túmọ̀ sí pé lìmfómà oní-gáńmà-délítà ni, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì álífà-bétà náà ti tún jíìnì gáńmà tirẹ̀ tò nígbà tó ń dàgbà. Aró tó ń wá pùròtéènì TCR délítà tàbí TCR gáńmà lójú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló lè dáhùn ìbéèrè yẹn.

Lìmfómà oní-CD8 àti àwọn tó jọ ọ́

Emilio Berti àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì ló ṣàpèjúwe lìmfómà yìí dáadáa ní ọdún 1999. Àwọn kókó àti àbàwọ́n tó ga sókè máa ń tú jáde lójijì káàkiri ara, wọ́n á sì yára di egbò. Ó lè tàn dé ẹ̀dọ̀fóró, kórópọ̀n àti ọpọlọ, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń fo kókó abíyá àti ti abẹ́ itan dá, nítorí náà àìwú àwọn kókó wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ fi dókítà lọ́kàn balẹ̀. Lábẹ́ awò, àwọn sẹ́ẹ̀lì T oní-CD3 àti CD8, tí wọn kò ní CD4, ti kún inú awọ òkè, pẹ̀lú ohun ìjà apani. CD5 wọn sábà máa ń sọnù, CD45RA sì máa ń wà. Àwọn ìwádìí jíìnì àìpẹ́ yìí ti rí ìsopọ̀ jíìnì JAK2 mọ́ jíìnì mìíràn lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, èyí tó fún ìdámọ̀ ní ẹ̀rí tuntun tó sì lè di ojú ibi tí oògùn yóò dojú kọ.

Àrùn kan wà, lymphomatoid papulosis ẹ̀yà D, tí ẹran rẹ̀ lábẹ́ awò kò yàtọ̀ sí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàpèjúwe tán: sẹ́ẹ̀lì CD8 tó kún awọ òkè, ohun ìjà apani, gbogbo rẹ̀. CD30 sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ohun tó yà wọ́n gan-an ni pé kókó kéékèèké ti lymphomatoid papulosis máa ń jinná fúnra wọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀, tí òmíràn á tún yọ, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó ń pa. Ẹni tó ní àrùn yìí lè má nílò ju ìṣọ́ra lọ, nígbà tí ẹni tó ní lìmfómà oní-CD8 nílò oògùn jẹjẹrẹ líle, àti gbígba sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn láti ara ẹlòmíràn bó bá ṣeé ṣe. Dókítà tó fi èsì ilé àyẹ̀wò nìkan ṣe ìdájọ́ lè fi oògùn líle ṣe ẹni tí kò ní àrùn líle léṣe, ó sì lè fi ọ̀rọ̀ dẹngbẹrẹ tu ẹni tí ikú ti sún mọ́ nínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ǹjẹ́ èyíkéyìí ti jinná fúnra rẹ̀ rí, ló lè yọ ọ́ nínú àṣìṣe yìí, kì í sì í ná aláìsàn ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yà mìíràn tó ní CD8 máa ń yọ gẹ́gẹ́ bí kókó kan ṣoṣo sí etí tàbí imú, ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, Ki-67 rẹ̀ kéré, CD68 sì ń hàn nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bí tóótó kan. Gígé e kúrò tàbí títan ìtànṣán sí i ti tó.

Lìmfómà oní-gáńmà-délítà

Itan, ẹsẹ̀ àti apá ni kókó rẹ̀ máa ń jókòó sí jù, ó jinlẹ̀, ó sì máa ń ya di egbò. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní CD3 àti ohun ìjà apani, ó sábà máa ń ní CD56, CD4 àti CD8 kì í sì í sí lára ọ̀pọ̀ wọn. TCR délítà yóò hàn, aró βF1 tó ń fi sẹ́ẹ̀lì álífà-bétà hàn kò ní mú. Kí ọdún 2005 tó dé, wọ́n kà á mọ́ lìmfómà inú ọ̀rá abẹ́ awọ oní-álífà-bétà, tí òun ní CD8 tí kò sì ní CD56, nítorí pé àwọn méjèèjì ń rọ̀gbà yí ọ̀rá ká. Yíyà wọ́n sọ́tọ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìpinnu tó wúlò jù nínú ẹ̀ka ìmọ̀ yìí: ó ju mẹ́rin nínú márùn-ún lọ lára àwọn tó ní ti álífà-bétà tó ń lò tó ọdún 5, nígbà tí àwọn tó ń lò tó bẹ́ẹ̀ nínú ti gáńmà-délítà kò tó ẹnìkan nínú márùn-ún. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí fi hàn pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ti álífà-bétà ni wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù nínú jíìnì HAVCR2, àyẹ̀wò rẹ̀ sì ti di ara ohun tí ilé ìwòsàn ńlá ń béèrè. Síbẹ̀, TCR délítà nìkan kò tó láti dájọ́, nítorí pé ó lè hàn nínú mycosis fungoides tàbí lymphomatoid papulosis tí kò le.

Ìyọnu tó ń bá lìmfómà inú ọ̀rá rìn ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa kó ìdọ̀tí inú ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ mì. Ibà gíga, ọlọ inú tó wú, ẹ̀jẹ̀ tó ń dín kù, fẹ́rítìnì tó lọ sókè púpọ̀ àti fibrinogen tó lọ sílẹ̀ ni àmì rẹ̀. Ọjọ́ tí dókítà bá rí i ni kó ti gbé ìgbésẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí èsì jíìnì bá dé.

Lìmfómà tí HTLV-1 ń fà

Ẹ̀yà yìí ló kan àwọn ènìyàn Áfíríkà àti àwọn ọmọ wọn lẹ́yìn odi jù. Àwọn dókítà ilẹ̀ Japan ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1977. Ní ọdún 1980 ni àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà tó wà lábẹ́ Robert Gallo kéde fáírọ́ọ̀sì HTLV-1. Ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Japan, erékùṣù Karibíà, ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, àti Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti fìdí kalẹ̀ ní Brazil, wà lára ibi tí fáírọ́ọ̀sì náà ti wọ́pọ̀. Ọmú, ìbálòpọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Nǹkan bí ẹni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó gbé e ni lìmfómà yìí ń mú, lẹ́yìn ogún sí ọgọ́ta ọdún.

Lára awọ, ó lè jọ mycosis fungoides débi pé ojú àti awò kò ní yà wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní CD3, CD4 àti CD25, ó sì máa ń pàdánù CD7. Nínú ẹ̀jẹ̀, àárín sẹ́ẹ̀lì náà máa ń pín sí ewé bíi ti òdòdó. Kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sókè débi pé aláìsàn á máa ṣe rádaràda, tí kíndìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún HTLV-1 ni kọ́kọ́rọ́ ìdámọ̀ rẹ̀, ó sì yẹ kí ó jẹ́ dandan fún ẹnikẹ́ni tó ní lìmfómà sẹ́ẹ̀lì T inú awọ tí òun tàbí ìyá rẹ̀ bá ti agbègbè wọ̀nyí wá, yálà Ìbàdàn ló ń gbé ni o, tàbí London. Ó ṣe pàtàkì nítorí pé oògùn pàápàá lè yí padà di ewu: ní ọdún 2018, àwọn dókítà Amẹ́ríkà ròyìn pé nivolumab, tó ń gba ọ̀pọ̀ aláìsàn jẹjẹrẹ là, mú kí àrùn yìí yára gbilẹ̀ lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún.

Àwọn mìíràn ní ṣókí

Lìmfómà sẹ́ẹ̀lì NK àti T, tó wọ́pọ̀ ní ìlà-oòrùn Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, máa ń ní fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àyẹ̀wò EBER ló sì ń fi í hàn. Imú àti ọ̀nà ọ̀fun ni kí wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ pé awọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Lìmfómà sẹ́ẹ̀lì B ti ẹsẹ̀ máa ń mú àwọn àgbàlagbà, obìnrin ju ọkùnrin lọ, pẹ̀lú BCL2, MUM1, àti àyípadà jíìnì MYD88 lára ọ̀pọ̀ wọn. Jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì dendritic tó máa ń dà bí ojú ibi tí ènìyàn ti fara gbá ní CD4, CD56 àti CD123. Pípe orúkọ ìkẹyìn yìí bó ṣe tọ́ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, nítorí pé láti oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí tagraxofusp, oògùn tó dojú kọ CD123 tààrà.

Lẹ́yìn orúkọ, àti níbi tí irinṣẹ́ kò bá pé

Nígbà tí orúkọ bá ti dúró, àwòrán inú ara nípasẹ̀ CT tàbí PET-CT, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èròjà LDH àti mùdùnmúdùn egungun ni yóò sọ ibi tí àrùn dé. Kókó tó bá ju sẹ̀ntímítà kan ààbọ̀ lọ ní abíyá tàbí abẹ́ itan, kí wọ́n yọ ọ́ lódindi kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ni kò ní gbogbo aró tí orí yìí dárúkọ. Èsì tó bá sọ pé lìmfósáìtì tó rí bákan ló wà nínú ẹran náà, àti pé ó nílò àyẹ̀wò síwájú sí i, sàn ju orúkọ tí ẹ̀rí kò gbé ró lọ. Búlọ́ọ̀kù ìda kì í bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù níwọ̀nba, ó sì ṣeé fi ránṣẹ́ láti ìlú kan sí òmíràn láìsí yìnyín. Nítorí náà, kí ilé àyẹ̀wò kankan má ṣe jù ú nù, kí dókítà tó fura máa béèrè fún un, bí èsì àkọ́kọ́ kò bá sì bá ohun tó wà lára aláìsàn mu, kí ó tún ẹran gé láìfi falẹ̀.